Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà: Jíìnì, Ìbátan àti Ìpààrọ̀ Kíndìnrín láti 1954, pẹ̀lú Àkíyèsí lórí Mowe, Ibafo àti Ifọ̀

Ìfáárà

Nígbà tí kíndìnrín méjèèjì bá daṣẹ́ sílẹ̀ lára ẹnì kan ní Ifọ̀ tàbí ní Mowe, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ kúrò ní ọ̀rọ̀ dókítà kí ó tó di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ta ni yóò fi kíndìnrín rẹ̀ kan sílẹ̀? Ẹni tí àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ fọkàn sí ni ọmọ ìyá kan, baba kan. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn a wo ọ̀dọ̀ iyèkan. Bí ti iyèkan kò bá ṣeé ṣe, wọn a wo ọ̀dọ̀ ọbàkan, kí ọ̀rọ̀ tó kan ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò. Ìtò yìí kò ti inú ìwé ìṣègùn kankan wá. Inú òye àtayébáyé nípa ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ tẹni ni ó ti wá. Síbẹ̀, ìlànà kan náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé ní 1954, nígbà tí ìpààrọ̀ kíndìnrín kọ́kọ́ yọrí sí rere.

Ìtàn ìlànà yìí ni iṣẹ́ yìí ń tọpa. Kókó tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìbátan tí ń mú kí ara gba kíndìnrín ẹlòmíràn tún lè jẹ́ ọ̀nà tí ohun tí ó ba kíndìnrín aláìsàn jẹ́ yóò gbà wọ inú èyí tí a fi pààrọ̀ rẹ̀. Àti pé ewu yìí kò yọ ẹni tí ó fi kíndìnrín tọrẹ sílẹ̀. Láàrin àwọn ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ohun tí a ń jogún náà wọ́pọ̀ láàrin wọn ju bí ó ti wọ́pọ̀ láàrin èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn àgbáyé lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a là yéni lákọ̀ọ́kọ́. Kíndìnrín ni ẹ̀yà ara tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pè ní iwe nínú Ìwé Léfítíkù. Jíìnì ni iṣẹ́ yìí sì ń pe èròjà inú ara tí ọmọ fi ń jọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìpín méjì ni olúkúlùkù ní nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Àwọn tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù kí wọ́n tó ṣègbéyàwó mọ ìṣirò yìí dáadáa, nítorí òun náà ni ó wà lábẹ́ AA, AS àti SS.

Ìbejì Boston àti ìbejì Yorùbá

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham ní ìlú Boston, Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ kíndìnrín kan lára Ronald Herrick, wọ́n sì gbé e sí ara Richard, ìkejì rẹ̀. Ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde ni wọ́n. Kí iṣẹ́ abẹ náà tó wáyé, àwọn dókítà ti bu awọ ara ọ̀kan lé èkejì lára láti wò ó bóyá yóò mú. Wọ́n tilẹ̀ mú wọn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí a lè fi ìtẹ̀ka wọn wé ara. Awọ náà mú. Kíndìnrín náà sì mú. Richard lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sí i, ó kú ní 1963. Ronald tí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ wà láàyè títí di 2010. Murray gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990.

Òye tí àwọn oníṣègùn rí fà yọ nínú iṣẹ́ yìí kò ṣòro: bí jíìnì olùfitọrẹ àti ti olùgbà bá jẹ́ ọ̀kan náà, ara kò ní mọ̀ pé àlejò wọlé. Kò sí ibi tí ó yẹ kí irú òye bẹ́ẹ̀ ti tètè yé ènìyàn tó ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ tí a ti ń bí ìbejì jù lọ ní àgbáyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwádìí tí P. P. S. Nylander ṣe ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 fi hàn pé ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìbejì Yorùbá. Ní ti jíìnì, Táyé àti Kẹ́hìndé irú wọn kò súnmọ́ ara wọn ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a bí ní ọdún mẹ́ta síra lọ. Jíjọ tí wọ́n jọ wà nínú oyún kan kò sọ wọ́n di Richard àti Ronald.

Láti 1958, nígbà tí Jean Dausset ní Paris ṣe àpèjúwe àkọ́kọ́ lára àwọn àmì tí ara fi ń dá tirẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò, a wá mọ ohun tí ó ń fa kíkọ̀ náà ní pàtó. HLA ni orúkọ tí a fún àpapọ̀ àwọn àmì wọ̀nyí. Odidi ìdì kan ni ọmọ ń gbà lọ́dọ̀ baba, odidi ìdì kan lọ́dọ̀ ìyá. Nítorí náà, nínú ọmọ ìyá kan baba kan mẹ́rin, a lè retí kí ọ̀kan bá aláìsàn mu pátápátá. Iyèkan àti ọbàkan kò ní àǹfààní yìí, nítorí òbí kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní. Òye àwọn àgbà tọ̀nà, títí dé orí ìtò tí wọ́n tò ó. Nígbà tí oògùn azathioprine dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tí wọ́n sì fi àṣẹ sí cyclosporin ní Amẹ́ríkà ní 1983, ó wá ṣeé ṣe láti gba kíndìnrín lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ni tan rárá, tàbí lára òkú. Ṣùgbọ́n èrò tí ó wà ní ìdí gbogbo iṣẹ́ náà kò yí padà: ìjà láàrin ara olùgbà àti kíndìnrín àlejò ni a rò pé ó ń pinnu bí kíndìnrín yóò ti pẹ́ tó. Kò sẹ́ni tí ó bi kíndìnrín náà léèrè irú ilé tí ó ti wá.

Bí ìpààrọ̀ kíndìnrín ṣe dé Nàìjíríà

Ìtàn ti ilé kúrú. Ní 1981 ni ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn aládàáni St. Nicholas ní Èkó ni ó kọ́kọ́ ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín ní orílẹ̀-èdè yìí, ní oṣù Kẹta ọdún 2000. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2002. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ó wà láàrin Boston àti Èkó.

Ohun kan ya ti Nàìjíríà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ara òkú ni ọ̀pọ̀ kíndìnrín ti ń wá. Ní Nàìjíríà, ara ààyè ni, pàápàá jù lọ ara ẹbí. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 fi dandan lé e pé kí ẹni tí a fẹ́ yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ gbà pẹ̀lú òye, ó sì ka títa ẹ̀yà ara léèwọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ìwádìí òkè òkun ń bi nípa kíndìnrín, ènìyàn méjì ni ó kàn níhìn-ín: ẹni tí ó gbà á, àti ẹni tí ó ṣẹ́ ku kíndìnrín kan ṣoṣo sí lára.

Ẹ̀jẹ̀ tí a fà ní Ìbàdàn

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ti ṣàkíyèsí pé kíndìnrín tí ó ti ara òkú aláwọ̀ dúdú wá kì í sábà pẹ́ tó ti aláwọ̀ funfun. Wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Dípò kí wọ́n wá a, wọ́n fi ẹ̀yà ènìyàn rọ́pò ìdí. Nígbà tí a tẹ ìṣirò kan jáde ní 2009 láti máa fi díwọ̀n bí kíndìnrín òkú yóò ti pẹ́ tó, pé olùfitọrẹ jẹ́ ọmọ Áfíríkà-Amẹ́ríkà wà nínú àwọn ohun tí ń dín iye rẹ̀ kù, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń ṣe. Àwọ̀ ara di àbùkù kíndìnrín. Ó di 2024 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò náà.

Ohun tí ó mú kí yíyọ yẹn ṣeé ṣe, Ìbàdàn ni apá kan rẹ̀ ti wá. Nígbà tí iṣẹ́ àgbáyé tí a pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti ya àwòrán ìyàtọ̀ tí ó wà nínú jíìnì ọmọ ènìyàn, Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn àwùjọ àkọ́kọ́ tí a lọ bá. Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó darí ìbánisọ̀rọ̀ pẹ̀lú ará ìlú. Ọgbọ̀n ìdílé ni a fa ẹ̀jẹ̀ wọn, baba, ìyá àti ọmọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àádọ́rùn-ún ènìyàn lápapọ̀. Àmì YRI ni a fi ń pe àkójọ náà ní gbogbo ilé ìwádìí ayé títí di òní. Kò sí èyí tí ó mẹ́nu kan kíndìnrín nínú ọ̀rọ̀ tí a bá wọn sọ. Ìyẹn kò tíì yọjú nígbà náà.

Ní 2008, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí jíìnì kan, MYH9, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó ń fa àrùn kíndìnrín láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà: ẹnu ọ̀nà ilé aládùúgbò ni wọ́n kàn. Ní 2010, Giulio Genovese, David Friedman, Martin Pollak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ àkọsílẹ̀ jíìnì àwọn Yorùbá wò nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé HapMap, èyí tí a ń pè ní 1000 Genomes. Wọ́n rí àwọn ìyàtọ̀ tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìṣáájú. Inú jíìnì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ MYH9, tí à ń pè ní APOL1, ni àwọn ìyàtọ̀ náà wà. Ẹgbẹ́ Shay Tzur àti Karl Skorecki ní Ísírẹ́lì dé ibi kan náà ní ọdún náà. Oríṣi méjì ni wọ́n rí, G1 àti G2. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan nínú wọn ní ìpín méjèèjì, ì báà jẹ́ G1 méjì, G2 méjì, tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ewu àrùn kíndìnrín pọ̀ fún. Wọn kò rí i lára àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n yẹ̀ wò. Láàrin àwọn Yorùbá Ìbàdàn, G1 nìkan gba nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ìpín jíìnì náà.

Ẹṣin Ọ̀yọ́ àti ẹni tí ó gùn ún

Kí ló dé tí ohun tí ń ba kíndìnrín jẹ́ fi wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ti ọwọ́ oníṣègùn bọ́ sí ọwọ́ òpìtàn.

Iṣẹ́ APOL1 nínú ẹ̀jẹ̀ ni pé ó ń dá ihò sí ara trypanosoma, kòkòrò àìfojúrí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, títí yóò fi kú. Àwọn òpìtàn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí bí ẹṣin Ọ̀yọ́ ṣe ń kú bí wọ́n bá wọ inú igbó, àti bí ìyẹn ṣe pààlà sí agbára ogun Ọ̀yọ́. Trypanosoma brucei wà lára ohun tí ń pa àwọn ẹṣin náà. Eṣinṣin kan náà ń jẹ ẹni tí ó gùn wọ́n, ṣùgbọ́n kòkòrò tí ó pa ẹṣin kò rí ẹni orí rẹ̀ pa, nítorí APOL1 wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. A lè sọ pé jíìnì yìí wà lójú ogun kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni irú kòkòrò tí ó mọ bí a ti ń yẹ APOL1 sílẹ̀ yọjú, òun ni ó ń fa àìsàn sunrunsunrun lára ènìyàn. G1 àti G2 jẹ́ ìdáhùn ara sí ìyẹn: wọ́n tún lè pa irú èyí tí a ń pè ní rhodesiense. Àwọn tí wọ́n ní ìpín kan yè, wọ́n bímọ, ìpín náà sì pọ̀ sí i láàrin nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ohun tí Anthony Allison fi hàn ní 1954, ọdún ìbejì Boston gan-an, nípa AS àti ibà, irú rẹ̀ nìyí.

Àlàyé yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti ń jò. Ìlà oòrùn Áfíríkà ni rhodesiense wà. Ìwọ̀ oòrùn ni G1 sì ti pọ̀ jù, níbi tí gambiense ti ń ṣọṣẹ́. Ìwádìí tí Anneli Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017 dí apá kan ihò náà. Ní ilẹ̀ Guinea, àwọn tí ó ní G1 lè gbé gambiense kiri láìṣàìsàn, nígbà tí ó jọ pé G2 ń mú àìsàn náà le sí i níbẹ̀. Ó jọ pé ìtàn G1 àti ti G2 kì í ṣe ìtàn kan ṣoṣo. Òpìtàn tí ó bá fẹ́ lò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìrìn-àjò àwọn baba ńlá níláti rántí èyí.

Nígbà tí kíndìnrín bá gbé ilé rẹ̀ wá

Bí ìwádìí ṣe fi ìpààrọ̀ kíndìnrín dán ọ̀rọ̀ yìí wò gbọ́n. APOL1 ń tàn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láti ẹ̀dọ̀ki, ó sì tún wà nínú kíndìnrín fúnra rẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ni ó ń ṣe ibi náà? Ẹni tí a bá gbé kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló ń ṣàn kọjá nínú jíìnì ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni ibi náà wà, jíìnì olùgbà ni yóò pinnu. Bí ó bá jẹ́ inú kíndìnrín ni, ti olùfitọrẹ ni.

Ní 2011, Amber Reeves-Daniel àti Barry Freedman pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Wake Forest tẹ ìwádìí jáde lórí kíndìnrín 136 tí ó ti ara òkú aláwọ̀ dúdú wá. Èyí tí olùfitọrẹ rẹ̀ ní ìpín méjì yára daṣẹ́ sílẹ̀ ju ìyókù lọ. Ní 2012, ẹgbẹ́ mìíràn yẹ jíìnì àwọn olùgbà 119 wò. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ó ní ìpín méjì, kò sì sí ìyàtọ̀ nínú bí kíndìnrín wọn ṣe pẹ́ tó láàrin ọdún márùn-ún. Nígbà tí a kó ìpààrọ̀ 1,153 jọ ní 2016, ewu pé kíndìnrín tí ó ní ìpín méjì yóò daṣẹ́ sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò ní i. Ìdájọ́ náà hàn: kíndìnrín ń gbé ilé rẹ̀ wá. Àtúnṣe díẹ̀ dé ní 2021, nígbà tí ìwádìí kan fi hàn pé jíìnì olùgbà náà lè ní ọwọ́ nínú bí ara ṣe ń kọ kíndìnrín, nítorí APOL1 wà nínú àwọn ọmọ ogun ara pẹ̀lú. Ti olùfitọrẹ ni ẹ̀rí rẹ̀ ṣì múlẹ̀ jù.

Ó ku ẹni tí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ láàyè. Ní 2018, Mona Doshi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ 136 aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti fi kíndìnrín tọrẹ lọ. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ni ó ní ìpín méjì. Agbára kíndìnrín tí ó kù sí wọn lára ń relẹ̀ kíákíá ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn méjì nínú mọ́kàndínlógún náà sì ti dé ibi tí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Iye náà kéré. Kò sì sí bí a ṣe lè kà á kí ara máà bù ènìyàn.

Níhìn-ín ni ìtò àwọn àgbà ti níláti ní àfikún. Ká ní baba ní ìpín kan, ìyá ní ìpín kan, tí ọmọ wọn kan sì gba méjèèjì tí kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́. Ọmọ ìyá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ọ̀kan nínú mẹ́rin láti ní méjèèjì bákan náà. Bí ọ̀kan nínú àwọn òbí bá ní méjì, tí èkejì ní ọ̀kan, ó di ọ̀kan nínú méjì. Bí ó ti wọ́pọ̀ tó láàrin Yorùbá, irú òbí bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ọmọ ìyá tí ara aláìsàn yóò gba kíndìnrín rẹ̀ jù ni ewu yìí súnmọ́ jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ kan wà tí a kì í sábà tẹnu mọ́. Orí okùn jíìnì kẹfà ni HLA wà. Orí okùn kejìlélógún ni APOL1 wà. Wọn kì í rìn pọ̀. Ọmọ ìyá lè bá aláìsàn mu ní HLA kí ó má ní ìpín APOL1 kankan. Nínú agbo ilé tí ọmọ bá pọ̀ sí, àyẹ̀wò lè yan ẹni tí yóò fi tọrẹ láìsí ewu ńlá, níbi tí ojú lásán kò lè yàn án.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má gbé iye Amẹ́ríkà wọ Ifọ̀ láìyí i padà. Ní 2013, Bamidele Tayo, Babatunde Salako àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti fi hàn pé APOL1 bá àrùn kíndìnrín tan láàrin àwọn ará Nàìjíríà. Ní 2024, Rasheed Gbadegesin, Dwomoa Adu, Akinlolu Ojo àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí tí ó gbòòrò jù jáde, lórí 8,355 ènìyàn ní Gánà àti Nàìjíríà. Ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpín kan, nǹkan bí ìdá 30 sì ní méjì. Ìpín méjì fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin kún ewu àrùn kíndìnrín, èyí tí ó kéré sí ti Amẹ́ríkà; ṣùgbọ́n ìpín kan ṣoṣo pàápàá fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, bẹ́ẹ̀ a ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé ìpín kan kì í ṣe nǹkan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ní ìpín méjì ni kíndìnrín wọn kò ní daṣẹ́ sílẹ̀ láyé. Bí a bá lé gbogbo wọn kúrò nínú àwọn tí ó lè fi tọrẹ, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn ènìyàn ni a ó lé lọ.

Jíìnì mìíràn tún wà tí kò jẹ mọ́ kíndìnrín. Tacrolimus ni oògùn tí ọ̀pọ̀ olùgbà ń lò kí ara má bàa kọ àlejò. CYP3A5 ni jíìnì tí ń tú oògùn náà ká. Lára ọ̀pọ̀ ará Yúróòpù, jíìnì yìí ti sùn. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ó ń ṣiṣẹ́, oògùn a sì tán lára wọn kíákíá. Ìlànà tí a gbé jáde ní 2015 ní kí a fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí a kọ fún Boston lè jẹ́ ẹ̀tàn fún Ibafo.

Ọ̀nà ńlá àti ẹ̀jẹ̀ tí ó dà pọ̀

A lè rò pé kò sí ìdí fún àyẹ̀wò ní ilẹ̀ Yorùbá: ṣebí Yorùbá ni gbogbo wa, a sì ti mọ ohun tí ó wà lára Yorùbá. Àṣìṣe 2009 ni ìyẹn yóò jẹ́, pẹ̀lú ẹ̀wù mìíràn.

Ifọ̀ wà lójú irin láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Ìdogò ti yà. Ṣáájú ìyẹn, ogun tí ó tú Òwu ká àti ìrìn-àjò Ẹ̀gbá sí Abẹ́òkúta ní 1830 ti da ènìyàn pọ̀ ní agbègbè náà pẹ̀lú Àwórì àwọn onílẹ̀. Mowe àti Ibafo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, jẹ́ abúlé títí ọ̀nà ńlá Èkó sí Ìbàdàn fi ṣí ní 1978. Ìjọ Ìràpadà gba ilẹ̀ àgọ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà ní 1983, àwọn ìjọ mìíràn tẹ̀ lé e, àwọn tí owó ilé Èkó ti ju agbára wọn lọ sì tẹ̀ lé àwọn ìjọ. Ìkànìyàn 2006 ka 524,837 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ nìkan. Ní àdúgbò kan ní Mowe, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Igbo, Ègùn àti Ìdómà lè jọ máa pọn omi nínú kànga kan, kí wọ́n sì fẹ́ ara wọn. Ibi tí baba ńlá ẹni ti wá kò lè sọ ìpín tí ó wà lára ẹni mọ́, bí ó bá tilẹ̀ lè sọ ọ́ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí agbègbè tí àyẹ̀wò jíìnì kò ṣàjèjì sí tó èyí. Ọ̀pọ̀ ìjọ lójú ọ̀nà yẹn kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé jínótáìpù wọn. Yunifásítì Redeemer's, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àgọ́ Mowe ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ, ni ó wá ni ilé ìwádìí ACEGID, níbi tí Christian Happi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka jíìnì kòrónà ní oṣù Kẹta ọdún 2020, láàrin ọjọ́ díẹ̀ tí àrùn náà wọ Nàìjíríà. Ìmọ̀ náà kò jìnnà sílé.

Owó ni ó jìnnà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò wá sílẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, èyí tí ó wà ní Abẹ́òkúta àti ní Ìdí-Àràbà wà lára wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ó yẹ kí aláìsàn fọ̀ ọ́. Ẹbí tí ó ń ká owó yẹn ń yára kí wọ́n lè rí ẹni tí yóò fi kíndìnrín sílẹ̀, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le ni ojú wọn sì ń lọ sí. Ọ̀dọ́ yẹn gan-an ni àyẹ̀wò ìsinsìnyí kò lè sọ púpọ̀ nípa rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí àrùn APOL1 lè dúró di ogún ọdún kí ó tó fara hàn. Ìlànà àgbáyé ti KDIGO ní 2017 sọ pé a lè fi àyẹ̀wò APOL1 lọ olùfitọrẹ tí ìran rẹ̀ bá ti Áfíríkà wá. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò sọ pé kí a ṣe é dandan, kò sì sọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Àríyànjiyàn àwọn oníṣègùn lórí ohun tí ó yẹ kí a sọ fún ọmọ ọdún méjìlélógún tí èsì rẹ̀ bá fi ìpín méjì hàn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lórí ẹ̀rọ, kò tíì parí.